Kí ló wà nínú Symphony of the Night tó fi yẹ kéèyàn jókòó tì í?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣokùn ní Iléṣà ni mò ń gbé. Géèmù bọ́ọ̀lù àti géèmù ìjà ni mo mọ̀ ọ́n gbá. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n ra Castlevania: Symphony of the Night sórí fóònù mi, ó ní géèmù kan kì í tún ṣe géèmù lẹ́yìn rẹ̀. Mo rà á. Mo bá Dracula, olórí àwọn òkú amùjẹ̀, jà, mo borí. Àfi bí wọ́n ṣe sọ mí di ẹlòmíràn, tí Ikú yọ sí mi nítòsí ẹnu ọ̀nà, tó gba idà, asà àti ẹ̀wù ogun mi lọ. Láti ìgbà yẹn, mo kàn ń rìn kiri inú ilé òkùnkùn ni. Ilẹ̀kùn búlúù kan wà níbẹ̀ tí kò ṣí. Mo fò títí, ọwọ́ mi kò tó òkè ibì kan. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí màá gbà fún mi. Màmá mi tún rí i, wọ́n ní kí ni mò ń wá láàárín àwọn òkú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn èèyàn rí nínú géèmù yìí? Ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń jókòó tì, àbí kí n pa á rẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè. Má pa á rẹ́. Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ bí ẹ̀sùn yẹn, òun gan-an ni géèmù náà. Ikú tó gba ẹrù rẹ, ilẹ̀kùn tó kọ̀ tí kò ṣí, òkè tí ọwọ́ rẹ kò tó, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n síbẹ̀ kí o lè rí wọn, kí o sì fi wọ́n sọ́kàn.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Lágere níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Mo ń tún páàdì ṣe, àwọn ọmọ yunifásítì sì máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo mọ ojú tí ẹni tí bọ́ọ̀lù ti mọ́ lára fi ń wo géèmù yìí. Nínú bọ́ọ̀lù, fèrè ti dún, o mọ gólì tí ò ń lọ, o mọ ìṣẹ́jú tó kù. Nínú géèmù ìjà, ẹnì kan ṣoṣo ló dúró níwájú rẹ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bọ́ síbi tí kò sí fèrè, tí kò sí ọfà tó ń tọ́ka ọ̀nà, á ní òun ti sọnù. Ilé yẹn lo wá bá jà, àbúrò mi. Bí o bá ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i lo ṣe ń borí rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ Konami ní Japan gbé Castlevania àkọ́kọ́ jáde. Simon Belmont ni akọni rẹ̀, pàṣán ló fi ń jà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: o wọlé níbí, o jáde lọ́hùn-ún, ó kan ìpele mìíràn. Bí Simon bá ti fò, kò lè yí padà lójú òfuurufú mọ́. Ibi tó bá dojú kọ náà ló máa balẹ̀ sí. Ó le gan-an. Nígbà tó di ọdún 1997, wọ́n ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ fún PlayStation. Toru Hagihara ló darí iṣẹ́ náà, Koji Igarashi ni igbákejì rẹ̀, òun náà ló sì kọ ìtàn inú rẹ̀. Igarashi ti ṣàlàyé fáyé gbọ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá máa ń parí àwọn Castlevania àtijọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, á sì lọ tà á, nígbà tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá kò ní rí òpin rẹ̀ láé. Wọ́n wá wo Zelda, géèmù ìrìn-àjò mìíràn, wọ́n rí bí èèyàn ṣe ń padà sí ibi tó ti dé rí tí ibẹ̀ sì tún ń ní ìtumọ̀ tuntun. Ni wọ́n bá so gbogbo ilé olódi Dracula pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n tún ṣe é kí agbára rẹ máa pọ̀ sí i bí o bá ṣe ń pa ọ̀tá, débi pé bí ọ̀gá kan nínú àwọn ọ̀tá bá ń fìyà jẹ ọ́, o lè lọ jà díẹ̀ níbòmíràn kí o tó padà wá bá a.

Àánú yẹn ti kàn ọ́ láìjẹ́ pé o mọ̀. Ìjà àkọ́kọ́ tí o bá Dracula jà, kò sẹ́ni tó ń kú níbẹ̀. Bí ẹ̀mí rẹ bá fẹ́ tán, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Maria á yọ, á ràn ọ́ lọ́wọ́ títí o fi máa borí. Ẹni tó fọkàn sí ilé yìí ni wọ́n ń wá, yálà ọwọ́ rẹ̀ yá tàbí kò yá.

Ó wá ku ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé ńlá àtijọ́ ní Ifẹ̀ níbí ló máa tètè yé: ọmọdé á máa kọjá níwájú ilẹ̀kùn kan lójoojúmọ́, wọn ò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó bá dàgbà tó wọ̀ ọ́, á rí i pé yàrá yẹn ló so ẹ̀yìnkùlé pọ̀ mọ́ ojúde, gbogbo agbo ilé á sì yí padà lójú rẹ̀. Bí Symphony of the Night ṣe rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wàá rí òkúta kan tí á jẹ́ kí o fò lẹ́ẹ̀kejì lójú òfuurufú. Wàá di ìkookò, wàá di àdán, wàá di ìkùukùu tó ń gba inú irin fèrèsé kọjá. Ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan tí o bá rí, ibi mẹ́rin mẹ́rin tó ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń ṣí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, máàpù tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ ju èyí tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ. Yàrá tí o bá wọ̀ ló ń hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń gbá a lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n máa ṣí máàpù wò dáadáa kí wọ́n tó máa sáré kiri. Ibi tí yàrá kan bá dá dúró láìní ìkangun, nǹkan wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ mú ẹyọ kan kí o lè rí bí wọ́n ṣe hun ún. Nísàlẹ̀ ilé náà pátápátá, níbi tí àwọn pósí wà, yàrá kan wà tó ṣókùnkùn biribiri. Ẹ̀gún irin ló yí ọ̀nà ibẹ̀ ká lókè nílẹ̀, ẹ̀gún tó bá sì kàn ọ́, ó dùn ọ́ wọra. O ti lè di àdán nígbà tí o bá débẹ̀, àmọ́ àdán tí kò ríran kò wúlò níbẹ̀. Wàá yà, wàá máa lọ. Níbòmíràn pátápátá nínú ilé náà ni wàá ti rí ẹ̀bùn tó ń jẹ́ kí àdán rẹ ké, tí igbe rẹ̀ á máa fi ohun tó wà níwájú hàn. Bí o bá ronú jinlẹ̀, wàá rántí yàrá òkùnkùn yẹn fúnra rẹ. Wàá padà lọ, wàá máa fò díẹ̀díẹ̀, wàá máa ké, ẹ̀gún á máa hàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún pòórá. Ní ìparí ọ̀nà, ẹ̀wù ogun kan ló wà níbẹ̀ tó ń fọ́ ẹ̀gún irin. Ìwọ yóò tún rántí pé o ti rí ẹ̀gún irin níbòmíràn, lókè lọ́hùn-ún nínú ilé ìsìn, níbi tí wọ́n ti dí ọ̀nà kan. Wọ ẹ̀wù náà lọ síbẹ̀, ẹ̀gún á fọ́ bí o ṣe ń rìn, wàá sì bá òrùka fàdákà. Òrùka wúrà wà níbòmíràn. Bí o bá kó méjèèjì sọ́wọ́, tí o sì dúró nínú yàrá aago ńlá tó wà láàárín ilé, èyí tí o ti ń gbà kọjá láti ọjọ́ kìíní, ilẹ̀ á là lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ.

Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ pé kí o ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ìwọ lo rántí, ìwọ lo so wọ́n pọ̀. Inú tó ń dùn mọ́ èèyàn nígbà tí ilẹ̀ yẹn bá là, mi ò tíì rí géèmù bọ́ọ̀lù tó ń fúnni ní irú rẹ̀, bó ti wù kí gólì náà dára tó.

Ìwọ tó ń gbá géèmù ìjà, nǹkan tìrẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọfọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà ní ilé-ìkàwé inú ilé náà, àmọ́ o kò nílò láti rà wọ́n. Bí ìka rẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ó ti di tìrẹ. Tẹ ẹ̀yìn, tẹ iwájú, yí i gba ìsàlẹ̀ padà sẹ́yìn, tún tẹ iwájú, kí o wá tẹ bọ́tìnnì ìjà. Bí agbára idán rẹ bá ti tó, gbogbo ọ̀tá tó wà lójú ìwòye á fara gbọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn á sì wọ ara rẹ di ìlera. O lè ti gbé ìmọ̀ yẹn dání kí Ikú tó gba ẹrù rẹ, kò sì ní rí i gbà.

Ẹwà ibẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1997, gbogbo ilé-iṣẹ́ géèmù ló ń sáré lọ sí 3D, tí ojú àwọn èèyàn inú wọn sì rí gbágungbàgun. Àwọn wọ̀nyí dúró ti àwòrán pẹlẹbẹ, wọ́n sì yà á dópin. Wo Alucard, akọni tí ò ń darí báyìí, nígbà tó bá ń rìn: agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, òjìji aláwọ̀ búlúù ń tẹ̀ lé e, bó bá sì balẹ̀ láti òkè, aṣọ náà á pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Ayami Kojima ló ya àwòrán àwọn èèyàn inú ìtàn náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní yíyà, òun ló kọ́ ara rẹ̀, ojú tó fún Alucard kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn dòní. Ti ilé fúnra rẹ̀, irú ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní gothic ni. Ẹ̀bá Paris ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìsìn báyìí ní nǹkan bí ọdún 1140: òkúta gíga, fèrèsé ṣóńṣó, dígí aláwọ̀ mèremère. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ibùgbé ìtàn ẹ̀rù, títí kan Bram Stoker tó kọ ìtàn Dracula ní 1897. Ọdún 1797 ni wọ́n fi ìtàn géèmù yìí sí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1997.

Má sáré kọjá àwọn yàrá tó dà bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lára ògiri ìta, awò kan wà tí o lè fi wo ọ̀nà jíjìn. Bí o bá wò ó, wàá rí ẹnì kan tó ń tukọ̀ nínú omi nísàlẹ̀. Kò ní fún ọ ní owó tàbí idà. Ó di ọjọ́ tí o bá sọ̀ kalẹ̀ dé omi abẹ́ ilé kí o tó pàdé ọlọ́kọ̀ náà, kó wá gbé ọ kọjá. Nínú ilé ìsìn tún wà níbi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àga kékeré pẹ̀lú aṣọ títa. Jókòó síbẹ̀ kí o dúró. Ẹ̀mí àlùfáà kan á wá jókòó ní ìhà kejì. Nígbà mìíràn á gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ, á sì fi nǹkan mímu sílẹ̀ fún ọ. Nígbà mìíràn, ọ̀bẹ lá gba inú aṣọ títa wọlé. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pariwo lórí bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò lè mí dáadáa níwájú aṣọ títa yẹn.

Ti orin, etí ìgbọ́ orin lo nílò níbẹ̀, nítorí náà má gbá a pẹ̀lú fóònù tí o ti pa ohùn rẹ̀. Michiru Yamane ló kọ ọ́. Bí o bá wọ ẹnu ọ̀nà, jìtá líle ló máa lé ọ wọlé. Bí o bá dé ilé-ìkàwé, ohùn á rọlẹ̀ di dùùrù olókùn àtijọ́ irú èyí tí wọ́n ń lò láàfin àwọn ọba Yúróòpù. Nínú ilé ìsìn, agogo àti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, wàá lè di ojú rẹ kí o sì sọ apá ibi tí o wà nínú ilé náà.

Ẹ̀rù màmá kò yà mí lẹ́nu, bá mi kí wọn púpọ̀. Òótọ́ ni pé òkú, egungun àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 13 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, èmi náà kì í sì í gbé e síwájú ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ohun tí ìtàn náà dá lé. Dracula ni bàbá Alucard. Ìyá rẹ̀, Lisa, èèyàn bíi tiwa ni; aráyé pè é ní àjẹ́, wọ́n pa á. Bàbá wá kórìíra gbogbo èèyàn. Ọmọ kọ̀ láti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀, ó ń bá a jà nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ kó tó kú, pé kó má kórìíra àwọn èèyàn, nítorí ayé tiwọn náà ti nira tó. Nísàlẹ̀ ilé náà, ibì kan wà tó jọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe sééfù, ìyẹn fífi eré pamọ́. Bí o bá wọ̀ ọ́, wàá bọ́ sínú àlá búburú: ìyá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pa, ó sì ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó gbẹ̀san lára àwọn èèyàn. Alucard wò ó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìyá òun kọ́ nìyẹn, torí pé ìyá òun kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí òrùka wúrà. Pe màmá kí wọ́n jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá débẹ̀.

Ó ní àléébù. Bí o bá ti dé ìdajì, agbára rẹ á ti pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá á sì máa ṣubú láìjà. Ẹni tó fẹ́ràn ìjà líle á rí èyí bí ìjákulẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ní Gẹ̀ẹ́sì le bí ẹní ń kàwé níwájú kíláàsì. Lórí fóònù, bọ́tìnnì ojú gíláàsì kò dára fún fífò, àtàǹpàkò á máa dí ojú rẹ.

Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí òpin, fo ìpínrọ̀ tó kàn yìí.

Lókè pátápátá, wàá bá ẹnì kan tí o mọ̀ lórí àga ọba. Bí o bá pa á, géèmù á parí, orúkọ àwọn tó ṣe é á máa gòkè, ọ̀pọ̀ èèyàn sì dúró síbẹ̀ pé àwọn ti ṣe tán. Wọn ò tíì dé ìdajì. Ohun tí Maria á fún ọ nísàlẹ̀ yàrá aago, níbi tí ilẹ̀ ti là, awò ojú ni. Fi sójú kí o tó gòkè lọ, wàá rí ohun tó ń darí ẹni yẹn, òun sì ni kí o dojú ìjà kọ. Nígbà náà ni ilé olódi mìíràn á yọ lójú ọ̀run, ilé kan náà tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Gbogbo àjà tó jẹ́ òkè tẹ́lẹ̀ ti di ilẹ̀. Ìmọ̀ tí o ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí kó jọ ṣì wúlò, àmọ́ o ní láti yí i po lọ́kàn rẹ. Ibẹ̀ ni wàá ti rí idà, asà àti ẹ̀wù ogun tí Ikú gbà lọ́wọ́ rẹ padà. Ohun tí n kò fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé orin kan náà ni wọ́n tún ń lù kiri ọ̀pọ̀ yàrá. Ẹni tó bá tẹ gbogbo igun ilé méjèèjì, máàpù rẹ̀ á ka 200.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Irú géèmù yìí ti wá di ẹbí ńlá. Igarashi kúrò ní Konami ní 2014. Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe irú rẹ̀ mìíràn ní 2015, àwọn olólùfẹ́ dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 5.5 dọ́là fún un, Bloodstained tó jáde ní 2019 nìyẹn. Hollow Knight ti àwọn ará Ọsirélíà, 2017, le jù ú lọ, ó sì fẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kí o tó lọ síbẹ̀.

Ó yá, ibi tí o wà báyìí. Má lọ wo fídíò ẹni tó ti gbá a tán. Kọjá yàrá ìṣòògùn, gba gbọ̀ngàn òkúta mábù lọ sí ọwọ́ ọ̀tún títí o fi máa dé ògiri ìta. Gùn ún lọ sókè, ẹnì kan tó jọ ọ́ bí ìbejì á dúró dè ọ́ lójú ọ̀nà, kí o sì ti fi eré rẹ pamọ́ kí o tó bá a. Lókè níbẹ̀, yà sí ọwọ́ òsì, ilé-ìkàwé nìyẹn. Bàbá arúgbó tó jókòó síbẹ̀ ń ta òkúta kan ní 500 nínú owó géèmù náà. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn búlúù, nítorí náà má ná owó rẹ lórí ohun mìíràn kí o tó débẹ̀. Bí o bá sì ní páàdì Bluetooth nílé, so ó mọ́ fóònù rẹ. Bí ó bá ti bàjẹ́, gbé e wá sí Lágere nígbà tí o bá ń bọ̀ ní Ifẹ̀, màá bá ọ wò ó.